Ọwọ́ tí mo nà sókè ní ilé-iṣẹ́ Garraway

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta, 1907
Wọ́n tún jà nídìí tíì. Clement àbúrò mi — Ìkánjú ni mo ń pè é níbí — ní ká jáwọ́ nínú ọkọ̀ olóoru, èyí tí oru omi híhó ń gbé rìn, ká máa ṣe ti pẹtiróòlù bíi gbogbo ayé. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ dúró kí omi hó kó tó jáde nílé?" Ẹ̀gbọ́n wa Ambrose ò gbójú sókè. "Ẹni tó bá ní sùúrù."
"Onísùúrù ti ń tán ní Keighley, ẹ̀gbọ́n."
Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún, ìbò kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n jọ ń wò.

Ọjọ́rú
Òjò. Kálukú dá tíì tirẹ̀ mu.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ìkánjú wá bá mi nílé ìdáná. "Àǹtí, mi ò kórìíra Ẹ̀gbọ́n o. Ilé-iṣẹ́ ló ń kú lọ." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ti gbà pé ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Àbámẹ́ta, 9
Ẹ̀gbọ́n pe Dókítà Thwaite, tó fẹ́ ra ọkọ̀, pé kó wá wo bí tiwa ṣe ń gun òkè. Mo jókòó sẹ́yìn. A gùn ún bí ẹni ń yọ́ kẹ́lẹ́ — kò sí ariwo, kò sí gbígbọ̀n. Ọkọ̀ pẹtiróòlù kan ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹni tó ni ín ń ta táyà ní ìpá. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín yẹn mọ́ látìgbà tí ìyàwó wọn ti kú.
Lókè, dókítà ṣí fìlà. Ó ní òun ò gun ohun tó dára tó báyìí rí. Ó wá ní ti pẹtiróòlù lòun máa rà. Aboyún tó ń rọbí ò ní dúró kí omi hó.
Ẹ̀gbọ́n ní kò burú. Wọ́n yí ọkọ̀ padà sílé.

Ajé, 11
A dìbò lórí ti pẹtiróòlù. Ìkánjú nawọ́. Mo rántí dókítà. Èmi náà nawọ́.
Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ mi títí. "Ó dáa. Hester ti sọ tiẹ̀."

Ìṣẹ́gun
Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ fáwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ pinnu. Mo lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Àìkú, 17
Ẹ̀gbọ́n lọ lánàá. Ilé-iṣẹ́ kan ní Leeds tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù olóoru ti gbà wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé ẹrù. Mo bi wọ́n bóyá inú ń bí wọn.
"Díẹ̀. Á lọ. Àmọ́ mi ò lè dúró máa wo àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ mi palẹ̀."
Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, Ìkánjú jókòó sáyè Ẹ̀gbọ́n nídìí oúnjẹ, ó mú ọ̀bẹ láti gé ẹran bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń gé e fún wa lọ́jọ́ Àìkú.
"Dìde níbẹ̀," ni mo wí.
"Àǹtí, ta ni kó wá gé e?"
Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde. Ẹran wà níbẹ̀ láìgé títí mo fi palẹ̀ tábìlì mọ́.