Ẹ̀kán Kan fún Àwọn Ìdin Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù

Àlejò dé sí yàrá ìdin àfòpiná tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ọkùnrin gíga, bàtà rẹ̀ ń dán, àpótí pẹlẹbẹ lábẹ́ apá. Ó ní òun ń po oògùn ẹ̀kán. Á rẹ ewé, á mú ẹ̀kán kan nínú omi rẹ̀ sínú ìgò omi mìíràn, á gbọ̀n ọ́n, á tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn sínú òmíràn, títí ewé á fi tán pátápátá nínú ẹ̀. "Bó ṣe ń tán ló ṣe ń lágbára," ó wí, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Omi ń rántí, ó ní.

Bí omi bá ń rántí, omi ìwẹ̀ mi ti rí nǹkan. Kó má sọ o.

Ọ̀gá wa, Ìyá Ìdin — ó ti pẹ́ tó ń sin àfòpiná, ó máa ń kí wọn láàárọ̀ kó tó kí èèyàn — fẹ́ lé e jáde. Ọkùnrin náà ní kí a fi sínú oúnjẹ àwọn ìdin ká wò ó bóyá wọ́n á sanra: ìdin kì í gbàgbọ́, ìdin kì í purọ́. Ọ̀gá gbà. Iṣẹ́ já lé mi léjìká.

Mo ti sọ ọ́ ní Ẹ̀kán.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù

Mo se oúnjẹ wọn: ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ìwúkàrà, ṣúgà díẹ̀, èròjà tó ń mú un dì. Ó dì bí ọṣẹ, mo gé e wẹ́wẹ́.

Ìgò méjì: ọ̀kan oògùn, ọ̀kan omi lásán. Ìyá Ìdin so òwú pupa mọ́ ọ̀kan, òwú aró mọ́ èkejì. Òun nìkan ló mọ èwo ni èwo. Ó ní ọwọ́ ẹni tó bá mọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́.

Àwo méjì, ìdin ìyá kan náà. Pupa. Aró. Ẹ jẹun, ẹ̀yin ọmọ.

Ẹtì, 6 Òkúdù

Òjò. Ẹ̀kán fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi délé. Màámi ní kó wọlé. Kí n tó bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun Màámi ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó po tíì, ìgò kékeré ti wà lórí tábìlì. Màámi, tó máa ń bá dókítà jiyàn lórí hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan péré, ń sọ pé, "O ṣé, ọmọ mi. Ẹ̀kán mélòó láàárọ̀?"

Ọmọ mi! Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí láyé.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù

Pupa ń sanra. Mo gbé.

Ẹtì, 13 Òkúdù

Pupa ki pọ́pọ́. Aró rí bí okùn bàtà. Mo wọ̀n wọ́n, mo tún wọ̀n wọ́n. Ẹ̀kán rí i, ó fẹ́ jó, ó rántí pé ẹni iyì lòun, ó wá ń fi ìka lu àpótí rẹ̀. "A ò tíì mọ èyí tó jẹ́ tèmi o," ó ní — ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

Inú mi dùn fún un. Inú mi ò dùn sí i. Inú kan ṣoṣo náà ni o.

Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Màámi ní àwọn ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ̀kán ti tó, wọ́n ní. Ṣebí èmi ni mo sọ pé àwọn ìdin ń sanra? Èmi ni mo sọ. Ẹnu mi yìí! Mo bẹ̀, mo pariwo. Wọ́n ní ta ló bí ta.

Ajé, 16 Òkúdù

Mo gbé àwo Pupa láti nu abẹ́ rẹ̀. Pákó gbóná lọ́wọ́ mi. Iná tó ń mú yàrá móoru wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an! Aró sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Oògùn kọ́, omi kọ́. Ìjókòó ni.

Ta ló gbé wọn síbẹ̀? Èmi náà ni.

Ìyá Ìdin rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú Ẹ̀kán rọ bí ewé tí oòrùn pa. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe. Mi ò fẹ́ gba ìyìn tó jẹ́ ti iná."

Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ara mi pé kí n má wò ó.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Ìdin tuntun. Àràárọ̀ ni mò ń pààrọ̀ àyè wọn bí ọmọ ayò.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Mo sọ ti Màámi fún Ẹ̀kán. Àṣé ó lè bínú! "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó pa oògùn dókítà tì!" Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Màámi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dáa, àwọn á máa lo hóró náà — tó bá ń yà wá wo àwọn fúnra rẹ̀.

Ó gbà. Màámi yìí kan náà ni mo ti bẹ̀ títí ohùn mi fi há!

Àìkú, 22 Òkúdù

Ó wá. Ó jókòó pẹ́ ju bí a ṣe ń gbé oògùn mì lọ.

Ẹtì, 27 Òkúdù

Pupa àti Aró ò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Òṣùwọ̀n ò mọ èwo ni èwo, èmi náà ò mọ̀.

Ajé, 30 Òkúdù

Ìyá Ìdin tú àṣírí òwú. Aró ni oògùn. Pupa, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ tó kọ́kọ́ sanra yẹn — omi lásán!

Ẹ̀kán ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó ní ọwọ́ bàbá òun lòun ti kọ́ ọ, pé òun ò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Mo mọ̀ pé ọ̀gá ti to yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ de ọjọ́ yìí. Kò ṣe é. Ó fa àga sún mọ́ ọn. "O ì bá ti gbé ìgò rẹ sá lọ nígbà tí a rí iná yẹn," ó ní. "O ò sá."

Ẹ̀kán ní òun á sọ fún gbogbo ẹni tó ń gba oògùn lọ́wọ́ òun. Ó jáde. Ó gbàgbé àtisọ pé ó dàbọ̀.

Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Kò wá. Màámi ń yọjú lójú fèrèsé ṣáá. Èmi ò yọjú. (Irọ́.)

Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Ó wá nírọ̀lẹ́, kò gbé àpótí. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. "Màmá, òtítọ́ ni mo wá sọ. Omi ni mo ń fún yín. Ẹ má bínú."

Màámi ò gbójú kúrò lára bọ́tìnnì tí wọ́n ń rán. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń mu omi, ṣé n ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni? Hóró oògùn mi ńkọ́? Mi ò fi ọjọ́ kan gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara mi bá le, kí ni yóò máa gbé ọ wá? Ọmọ mi tó wà níbẹ̀ yẹn, ìdin nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Mo wo àjà. Ẹ̀kán wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní — kì í ṣe Màámi ló ń bá wí, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò pè mí ní ẹ̀yin — "Ṣé o fẹ́ kí n ṣì máa wá?"

Mo wá ọ̀rọ̀ gidi sọ. Ohun tó jáde ni pé, "Ọ̀la kọ́ o, ọ̀la la máa ń fọ àwo. Ọ̀túnla."

Ó ní òun á tètè dé. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Màámi ti wọ yàrá, wọ́n ti pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n ní àwọn ti sùn. Oòrùn ò tíì wọ̀.