Àlájà Mùínàt Àbẹ̀ní Ògúnbáyọ̀ (1952–2025): Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Ohun Tó Ń Mú Èèyàn Ṣiṣẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1952 ni wọ́n bí Àlájà Mùínàt Àbẹ̀ní Ògúnbáyọ̀ ní agbo ilé Sàlàkọ́, ní ìlú Ìwó. Bàbá wọn ni Àáfà Yékínì Sàlàkọ́, àgbẹ̀ tó tún ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Ìyá wọn ni Hàbíbátù, ọmọ ìlú Olúpọ̀nnà, tó ń ta ẹ̀gúsí. Àwọn ni ọmọ kẹta nínú mẹ́fà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ní kékeré, ẹni yẹn ò mọ̀ wọ́n rí.

Lọ́dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ṣùgbọ́n ní 1963 àìsàn dá ìyá wọn dúbúlẹ̀, Mùínàt sì lọ jókòó ti ọjà ẹ̀gúsí. Ilé ìwé parí níbẹ̀. Èyí tó kù, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi ń pọ́n ọjà, wọ́n á kà á tán kí wọ́n tó fi pọ́n nǹkan fún oníbàárà. Bí oníbàárà bá ń ráhùn pé òun ti ń dúró jù, wọ́n á ní, "Ó ku ìlà mẹ́rin. Ṣé ọbẹ̀ ti ń jó nílé ni?"

Ní 1971, wọ́n fẹ́ olóògbé Lásísì Ògúnbáyọ̀, àgbẹ̀ tó ń dáko lọ́nà Kuta. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi gbé pọ̀, kí Bàbá tó kú ní 2012. Abdulsobur, àkọ́bí wọn, ní kí a kọ èyí síbí. Nígbà tí òun ń kọ́ kéwú, Màmá ń fún òun ní ẹran kan fún súrà kọ̀ọ̀kan tí òun bá há sórí. Lọ́jọ́ tí ẹran tán, súrà náà tán. Màmá ò lù ú. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ kiri pé, "Èmi ni mo ba ọmọ yẹn jẹ́. Ó fẹ́ràn kéwú tẹ́lẹ̀. Mo wá sọ kéwú di iṣẹ́ ẹran."

Ní 2007, àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wá sí Ìwó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fátókun ló ṣáájú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ohun tó ń mú èèyàn ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń pinnu ohun tí a máa ṣe, nípa dídán an wò lójú ayé. Ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ti ra ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Wọ́n pín ọgọ́ta obìnrin sí ọ̀nà mẹ́ta pé kí wọ́n máa bó ẹ̀gúsí. Àwọn kan ń gbowó lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bó. Iye kan náà ni ti àwọn kejì, bó ti wù kí iṣẹ́ wọn pọ̀ tó. Àwọn kẹta ò gba nǹkan kan. Wọ́n kàn bẹ̀ wọ́n ni. Àwọn kẹta yìí ló ṣe jù, tiwọn náà ni ò sì fọ́.

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn. Ó pe àlejò jọ láti kéde rẹ̀ pé owó kọ́ ló ń mú èèyàn ṣiṣẹ́. Màmá dìde. Matthew, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ní kí wọ́n jókòó. Màmá ní, "Mo ti jókòó látàárọ̀. Ó kan ìdúró." Wọ́n wá kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n: "Àwọn tí ẹ ní ẹ ò sanwó fún yẹn, iwájú ilé Àáfà àdúgbò lẹ kó wọn sí, ọ̀sẹ̀ Maolídì, ọjọ́ ìbí Ànábì, sì ni. Ẹ lọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe."

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bi wọ́n. Ohùn kan ni wọ́n fi dáhùn: "Ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ Maolídì ni?" Láádá ni wọ́n ń wá. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n ti ń retí owó iṣẹ́ wọn, ta ló sì máa ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run kó fọ́ ẹ̀gúsí? Ọ̀jọ̀gbọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ìsọ̀ kan tó ṣófo ni wọ́n kó àwọn kẹta sí, wọ́n sì ṣàlàyé pé ìwádìí ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, gbogbo wọn ti lọ sílé.

A bọ̀wọ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Fátókun, nítorí kò bínú. Ó gba Màmá síṣẹ́, wọ́n sì bá a ṣe é títí di 2021. Iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n jókòó láàárín àwọn èèyàn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Àwọn tó ka ìwé rẹpẹtẹ wá ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta. Ẹni tí ò bá dùn mọ́ nínú, kó fara mọ́ ọn.

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 2009. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jẹ́ Ìyá Àsàlátù, olórí ẹgbẹ́ àdúrà mọ́ṣáláṣí wa. A ò ní purọ́ lórí òkú: ẹnu wọn mú, wọn kì í sì í tọrọ àforíjì.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, lórí ibùsùn, wọ́n pe àwa ọmọ wọn jọ. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ kẹjọ mi, ẹ fún àwọn èèyàn lóúnjẹ àti ẹ̀bùn. Ní ogójì ọjọ́, omi nìkan. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó wá, ẹ má tan ẹnikẹ́ni. Kí ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo fẹ́ mọ̀."

Nusirat ní, "Màmá, ẹ ò ní sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin máa wà níbẹ̀. Iye ìwé tí ẹ bá tẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ ni kí ẹ tẹ̀ ní ogójì."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde láyé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹgbẹ̀ta èèyàn ó lé méjìlá ló wá. Abdulqowiyy dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kà wọ́n. A pín abọ́. Àwọn kan mú méjì. A mọ̀ yín. Lórí ti ogójì yìí, ìjà fẹ́ dé nínú ẹbí. Bàbá Fáwọlé, àbúrò Bàbá wa, ní, "Ìlú máa ní ebi ń pa yín. Ojú á tì wá." Mujeebah ní, "Bí a bá fún wọn ní nǹkan, a ò ní mọ ẹni tó wá torí Màmá láé." Ọ̀rọ̀ Mujeebah la tẹ̀ lé. A kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, a kéde rẹ̀ lọ́jà.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́rin, Abdulsobur, Nusirat, Mujeebah àti Abdulqowiyy, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò wọn kan, Oyèníkẹ́.

Ohun kan ló kù tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà wá. Ẹgbẹ̀ta ìwé la tẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ. Igba péré la tẹ èyí tí ẹ ń kà ní ogójì yìí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ìwọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lẹ jọ ń ka ẹyọ kan, a jẹ́ pé àwa ọmọ la ṣi ìlú Ìwó mọ̀. Ẹ má bínú sí wa. Ẹ sún mọ́ra yín, kí ẹ kà á tán.

Àbẹ̀ní ọmọ Sàlàkọ́, ẹ ti ṣiṣẹ́, ó tó. Kí Ọlọ́run san ẹ̀san yín fún yín. Ẹ sinmi dáadáa.