Lọ́fínńdà Inú Kọ̀ǹpútà Àǹtí Zùwáírátù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Bódìjà Tuntun,
                                        Ìbàdàn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Jùmọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ìwọ àti gbogbo ará ilé ní Àkúrẹ́? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ ti le dáadáa lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé Jésùtóbi ọmọ rẹ ti ga jù ọ́ lọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò ní gbà. Àwa náà wà ní àlàáfíà. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òrùlé wa kò jò.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kọ̀ǹpútà rẹ ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti pé Jésùtóbi ti wá ọ̀bẹ kalẹ̀ láti fi ha péèsì àtijọ́ tó wà lórí pùróṣẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ rẹ̀. Gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Irú ọ̀ràn yìí gan-an ló gbé mi dé Challenge lọ́sẹ̀ tó kọjá.

O mọ Àǹtí Zùwáírátù, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mónógíràmù ní Challenge. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló ń darí ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ orúkọ àti àmì sára aṣọ níbẹ̀. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kì í ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, ẹni tó sì tà á fún wọn ti kó kúrò ní Ìbàdàn. Ilé ìwé aládàáni kan ní Ring Road kó igba súwẹ́tà wá, pé kí Àǹtí fi àmì ilé ìwé sí i láyà. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ yóò wọlé. Ní Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà kú lórí súwẹ́tà kọkàndínlógójì. Wọ́n tàn án, ó tún kú. Ìyá tó ni ilé ìwé ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí iṣẹ́ náà kò bá pé lọ́jọ́ Àìkú, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe é láti ọdún yìí lọ.

Suhail, àbúrò wa tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ló tú kọ̀ǹpútà náà. Ó rí i pé péèsì tó ń gbé ooru pùróṣẹ́sọ̀ lọ sára irin tó ń fa ooru kúrò lórí rẹ̀ ti gan paali. Ó nù ún kúrò, ó fi tuntun sí i, ó dé e padà. Àfi bó ṣe tún kú, kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni Àǹtí pè mí. Wọ́n ní, "Shakirah, ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì, wá wo nǹkan tó ń ṣe ẹ̀rọ mi."

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni mo débẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà. Bí fáànù rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, òórùn mísíkì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Mo bi Suhail pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà yín ń múra Jímọ̀ ni?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Suhail kò rín. Ó ní, "Àǹtí Shakirah, sípíríìtì ni wọ́n ní kí n fi nù ún. Ọtí ni. Ibí yìí náà la sì ti ń kírun. Mo wá fi lọ́fínńdà mi nù ún. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kò ní ọtí."

Mo gba ìgò náà, mo kà á. Òótọ́ ni, kò ní ọtí. Òróró ni látòkè délẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Òróró lè ká péèsì àtijọ́ kúrò, kí ojú irin sì máa dán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í gbẹ. Ó dúró síbẹ̀ bí awọ tín-ín-rín, péèsì tuntun kò rí irin dì mú, ooru kò sì rọ́nà jáde. Sípíríìtì ní tirẹ̀ máa ń fẹ́ lọ pátápátá. Mo ṣàlàyé èyí fún Suhail, ó gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ọtí náà ni ṣá, Àǹtí."

"Mu ún nígbà náà, ká wò ó bóyá wàá délé."

Àǹtí Zùwáírátù ní kó pe Áfáà rẹ̀, kó yé máa wò wá bí aṣebi. Ó jáde lọ pè é. Nígbà tó wọlé, ojú ń tì í díẹ̀. Áfáà bi í lórí fóònù bóyá ó fẹ́ mu ún, ó ní rárá. Wọ́n bi í bóyá kọ̀ǹpútà ló fẹ́ mu ún, ó ní rárá. Wọ́n ní kó yáa lọ nu nǹkan rẹ̀, nítorí ọmọ tiwọn náà ń retí súwẹ́tà.

Dúgbẹ̀ ni mo ti ra sípíríìtì tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò. Má ra èyí tó ní àwọ̀. Nígbà tí mo dé, mo tan kọ̀ǹpútà díẹ̀ kí péèsì rẹ̀ lè rọ̀, mo wá yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀, mo ní kí wọ́n pa áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, mo ṣí fèrèsé, torí sípíríìtì tètè ń gbiná. Mo fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná kékeré tó máa ń wà lára ènìyàn má bàa ba nǹkan jẹ́. Irin tó ń fa ooru ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo wá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi tú. N kò fà á sókè. Bí o bá fà á, pùróṣẹ́sọ̀ lè bá a jáde, kí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ sì tẹ̀. Aṣọ funfun àtijọ́ tí kì í yọ fọ́nrán ni mo fi sípíríìtì rin. N kò da sípíríìtì sórí kọ̀ǹpútà. Láti etí ni mo ti ń nù wá sí àárín. Ìgbà mẹ́rin ni mo pààrọ̀ aṣọ kí òórùn mísíkì tó lọ. Ibi tó bá le, etí káàdì oníke ni mo fi tì í jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wá ní kí Suhail fi péèsì tuntun sí àárín rẹ̀, bí hóró ẹ̀wà kékeré kan. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà.

A tàn án. Tẹ́lẹ̀, ooru rẹ̀ máa ń dé dígírì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún kó tó kú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gun dé ọgọ́ta, ó dúró síbẹ̀. Àǹtí jókòó ti ẹ̀rọ títí súwẹ́tà mẹ́ta fi jáde. Wọ́n wá ní, "Suhail, lọ jẹun." Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti Ọjọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án Àìkú, ìyá tó ni ilé ìwé dé. Wọ́n yí súwẹ́tà kan sódì, wọ́n fa òwú rẹ̀ wò, wọ́n kó igba náà sínú ọkọ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní aṣọ eré ìdárayá náà ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀ lánàá, mo rí ìgò sípíríìtì láàrin àwọn òwú. Suhail ti kọ̀wé sí i lára: "Kì í ṣe mímu. Áfáà mọ̀ sí i."

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ. Sọ fún Jésùtóbi pé mo ní kó ra sípíríìtì, kó sì dá ọ̀bẹ padà sí ilé ìdáná. Àǹtí àti Suhail ní kí n kí yín.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ ilé ìwé títí dòní,
Shakirah.