Ìdí Tí Mi Ò Fi Béèrè fún Àbúrò Rẹ

Cachoeira,
Oṣù Kẹwàá.

Valdemir ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí yín kú ìfaradà òtútù Curitiba. Mo nírètí pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú ti lọ, pé o sì ń jẹun gidi kí o tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ara tèmi le. Ti Jucélia àbúrò rẹ, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ìbínú ò jẹ́ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìdí. O ní, “Màmá, ẹ gba oògùn lọ́wọ́ àbúrò mi, ẹ gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ.” O sì pa fóònù. Ẹni tó sọ ọ́ fún ọ kò purọ́ o, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

O mọ ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àti òbí wọn, tí wọ́n fi èmi ìyá rẹ ṣe alága. Lóṣù Kẹta, Dókítà Heloísa tó ń tọ́jú Jucélia láti kékeré wá bá wa nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní oògùn tuntun kan ti jáde tó jọ pé ó ń dín ìrora kù, wọ́n sì fẹ́ dán an wò lára àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó ní, “Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹ kàn wá na apá fún abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ ká jọ jókòó ti ìlànà ìwádìí náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ.” Inú wa dùn. Jucélia máa pé méjìdínlógún lóṣù Kẹjọ. Mo rò ó lọ́kàn mi, mo rí i pé ó ṣì bọ́ sí i.

Àṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà yẹn pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ dúró fún oṣù méjì, kí ó lè tán lára rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní tuntun. Bàbá Arlindo tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe dìde. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Irú ìwádìí báyìí ni Genivaldo ọmọ mi wọ̀ ní ìlú mìíràn. Wọ́n ní kó dá oògùn dúró, ó dá a dúró. Kò dé ìdí èyí tuntun. Àárín méjèèjì ló kú sí.” Dókítà Heloísa ò bá a jiyàn. Ó kàn ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ń lo méjèèjì pọ̀, wọn ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ọmọ mi. Ti Bàbá Arlindo náà mọ́gbọ́n dání. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otávio sí wa láti São Paulo, ẹni jẹ́jẹ́ kan. Ó ní, “Èrò yín ṣe pàtàkì sí wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà là ń lò níbi gbogbo. Tí ẹ ò bá fara mọ́ ọn di ọjọ́ Ẹtì, a máa gbé e lọ sí ìlú mìíràn.” Bàbá Arlindo dá a lóhùn pé, “Ẹ ti se oúnjẹ tán, ẹ ti bù ú sínú abọ́, ẹ wá ń bi wá bóyá iyọ̀ tó.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Otávio náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jáde, ó tẹ̀ lé mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Ìyá, mo gbọ́ pé ọmọbìnrin yín náà wà lára wọn. Ẹ ro tiẹ̀ mọ́ ọn o.” Ẹ̀rù bà mí, nítorí òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo délé, eegun itan ń ro Jucélia. Bí mo ṣe ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ni mo ń ròyìn fún un. Ó ní, “Màmá, tí wọ́n bá ní kí n dá oògùn mi dúró, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n dá a dúró?” Mo ní rárá, a máa dọ́gbọ́n sí i, a máa lò ó ní kọ̀rọ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, “Àwọn tí ìyá wọn ò mọ irú ọgbọ́n yẹn dá ńkọ́?” Aṣọ náà tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Rosenilda, tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Kauã ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dìde. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbà. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù oṣù méjì. Ọmọ tèmi ò dá mi lójú títí di ọ̀la.” A dìbò, ó pín sí méjì ọgbọọgba, ó wá ku ohùn alága. Mo ní, “A ò gbà. Ẹ fi oògùn tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́.” Otávio bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ni Dókítà Heloísa bá sọ ní ojú gbogbo wa pé, “Ẹ yọ orúkọ tèmi náà kúrò níbẹ̀.” Ó mọ̀ pé ìyẹn lè ba iṣẹ́ òun jẹ́. Rosenilda dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Edelzuita, bí Kauã bá kú, ọrùn ẹ ló wà.”

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn kan ń yà fún mi lójú títì. Nígbà ọdún São João, tí gbogbo àdúgbò ń dá iná, tí wọ́n ń jó ijó, ìrora bọ́ sí Jucélia láyà, kò lè mí dáadáa. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé e dé ọsibítù. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń sọ lọ́kàn pé ẹnu mi ló fẹ́ pa ọmọ mi. Ta ni mo rí ní bẹ́ẹ̀dì kejì? Rosenilda àti Kauã ni. Nígbà tó ṣe, ó bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó na ìdá kan sí mi láìwo ojú mi. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí oṣù Kẹjọ ń lọ sópin, Otávio fúnra rẹ̀ padà wá. Ilé-iṣẹ́ ti gbà, torí àwọn òbí ìlú tí wọ́n gbé e lọ náà kò fara mọ́ ìlànà yẹn. Kò sí ọmọ tó máa dá oògùn dúró. Èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ wa máa jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà, wọ́n sì láṣẹ láti ní kí wọ́n dá a dúró bí ewu bá yọjú. Àwọn èèyàn ń sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n Jucélia ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Bàbá Arlindo yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí, ó ní, “Alága, ẹ ní kí wọ́n fi ọdún kan kún ọjọ́ orí yẹn. Wọn ò lè kọ̀ fún yín lónìí.” Mo yọ́ lọ bá Dókítà Heloísa. Ó ní wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò, ó sì lè di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Kauã ti sùn lé èjìká ìyá rẹ̀. Mi ò béèrè. Ìdajì tí wọn ò sọ fún ọ nìyẹn.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún àbúrò rẹ. Ó ní, “Ṣé ẹ béèrè?” Mo ní rárá. Ó kọjú sí ògiri. Kò jẹ oúnjẹ tí mo sè, ilé aládùúgbò ló ń lọ jẹun. Àfìgbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo ń da kọfí sínú ife, ó jókòó ti tábìlì, ó ní, “Àga méjì tí wọ́n fún ẹgbẹ́ yẹn, mo ti dàgbà tó láti jókòó sí ọ̀kan báyìí.” Ẹgbẹ́ dìbò fún un. Ní ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà Heloísa sọ fún mi pé Otávio béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, Jucélia sì ní, “Mo ní ọ̀kan. Àwa tí a ti dàgbà kọjá oògùn yìí, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ tiwa, ta ló sì máa bá yín kọ ìlànà rẹ̀?” Títí di ìsinsìnyí, Otávio ò tíì fèsì.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kauã. Mi ò mọ̀ bóyá oògùn náà á ṣiṣẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá mo ṣe ohun tó tọ́ sí ọmọ tí mo bí. Mi ò ní kí o dá mi láre. Kí o ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Kí Ọlọ́run má fi ẹkún àwa òbí dán yín wò. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe di iṣẹ́ òfò, kí ọmọ tí ìyàwó rẹ ń retí wá sáyé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò yé ronú nípa rẹ,
Edelzuita.

Mo tún rántí: Jucélia ka lẹ́tà yìí kí n tó dì í. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má bá òun bínú sí mi mọ́. Ó ní bí òun bá fẹ́ bínú, òun ní ẹnu.