Bí Ọjọ́ Kòtò Ẹ̀yìn Ilé Yín Ṣe Yí Padà

Lafiaji, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú.

Dárasími, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ìlọrin. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ọkàn rẹ sì ti balẹ̀ díẹ̀ ju bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù lọ. Ara tèmi le, àmọ́ oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kun ojú mi. Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n tún un sọ: Màmá wà láàyè. Yàrá mi ni wọ́n wà, lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ọwọ́ òsì wọn tó kán nìkan ni wọ́n fi POP dì. Wọ́n fi àkàrà mu ògì láàárọ̀ yìí, wọ́n sì bá mi jà pé iyọ̀ àkàrà náà kò tó.

Lórí fóònù, o ní, "Taslimah, ìwọ àti àwọn tó fẹ́ pa ìyá mi lẹ jọ ń ṣiṣẹ́," o sì gé e. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè gbọ́ ọ dé òpin láìjẹ́ pé ẹkún mi dí ọ lọ́wọ́.

O mọ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yín ní Olówógbowó, níbi tí wọ́n ti wó ilé àwọn Ṣàíbù. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ wa ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀. Èmi kì í po sìmẹ́ǹtì. Inú ọ́fíìsì ní Marina ni mo máa ń wà, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń to iṣẹ́. A ó kọ gbogbo iṣẹ́ sínú rẹ̀, a ó wá so wọ́n mọ́ra: èyí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tí tọ̀hún bá parí. Bí ohun kan bá falẹ̀, a ó ní kí kọ̀ǹpútà tún ọjọ́ gbogbo iṣẹ́ ṣírò, á sì sún èyí tó bá yẹ kó sún. Kì í ronú. Ohun tí a bá so nìkan ló mọ̀.

Nínú ètò wa, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ri irin pẹlẹbẹ ńláńlá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé yín, kí ilẹ̀ má baà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ká tó gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀. Irin náà há sí èbúté, ní wọ́ọ̀fù. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣírò, ọjọ́ ìparí á tún jìnnà sí i, Ọ̀gá wa, Ẹnjinníà Bùsàrí, á sì fara ya, nítorí wọ́n ti ṣèlérí ọjọ́ kan fún ẹni tó ni ilé tí a ń kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n tún un ṣírò níṣojú àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Dárasími, gbogbo ọjọ́ ló fò padà súnmọ́ tòsí. Ọjọ́ ìparí bọ́ sí ibi tí Ọ̀gá ń fẹ́ gan-an. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gba ètò tuntun náà, kíá ni wọ́n fi í ṣọwọ́ sí Dáfídì, fọ́ọ̀mán tó wà níbi iṣẹ́. Àmọ́ ọkàn mi kò gbà á. Irin ò tíì dé. Kí ló wá mú iṣẹ́ yá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà dé ìlà. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹnìkan ti tú ìsopọ̀ tó wà láàárín irin àti kòtò. Kò sí ohun tó dá kòtò dúró mọ́, kọ̀ǹpútà sì ti gbé gbígbẹ́ rẹ̀ wá sí ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ yẹn gan-an.

Mo pe Dáfídì, kò gbé e. Mo tún pè. Mo sáré wọ ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi. "Èmi ni mo tú u," ni wọ́n wí. "Ògiri yẹn ti wà níbẹ̀ láti ayé òyìnbó, kò ní wó lónìí. Lọ jókòó."

Mi ò jókòó. Mo sáré. Bàtà mi kan bọ́ ní Apọ́ngbọ̀n, mi ò padà mú un. Ọkùnrin kan ń ké tẹ̀lé mi, "Sister, wetin happen?" mi ò dá a lóhùn. Kí n tó wọ àdúgbò yín ni mo ti ń gbọ́ igbe katakata tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Dáfídì wà létí kòtò, ariwo kò jẹ́ kó gbọ́ fóònù rẹ̀. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ké, "Ẹ dá a dúró!" Ó ní kí wọ́n pa katakata náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Madam, mo pe Ọ̀gá, mo ní irin dà? Wọ́n ní ètò tuntun ni kí n tẹ̀lé." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni yẹ̀pẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ ògiri yín bíi gàrí.

Mo gba iwájú ilé wọlé. Màmá wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń rán aṣọ ilé-ìwé, ẹ̀rọ náà ń dún, wọn ò gbọ́ pé ògiri ń ké lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jáde." Wọ́n ní, "O ò tilẹ̀ kí mi. Jẹ́ n parí apá kan yìí, ọ̀la ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ wọ̀ ọ́." Mo fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n já a gbà. "Àbí àwọn tó fẹ́ ra ilé yìí ló rán ọ sí mi? Inú yàrá yìí ni bàbá Dára fi mí sí lọ." Mo bá kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo tẹ kọ̀ǹpútà tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn ilé yín lónìí. Mi ò mọ̀. Ògiri yìí ń bọ̀." Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo aṣọ ọwọ́ wọn tí eruku ti sọ di funfun. Wọ́n dìde.

A ò tíì kọjá pálọ̀ tán nígbà tó dún. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tì wá ṣubú. Màmá fi ọwọ́ òsì gúnlẹ̀, ó sì kán. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò sí yàrá ẹ̀yìn mọ́. Láti pálọ̀ la ti ń wo Dáfídì ní ìta, tó káwọ́ lérí. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá wà lábẹ́ bíríkì. Kò sí èèyàn níbẹ̀. Mo ń wí i lọ́kàn mi títí di báyìí: kò sí èèyàn níbẹ̀.

Èyí tó kù ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ọ. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́pàá mú Dáfídì lọ. Ọ̀gá pè mí, ohùn wọn tutù pẹ̀sẹ̀. "Taslimah, dá ìsopọ̀ yẹn padà, kí o tún ọjọ́ ṣírò, kó dà bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí. A ó ní fọ́ọ̀mán ló kánjú. Iṣẹ́ rẹ ò ní bọ́." Mo rántí àbúrò mi Ihsan, tó jẹ́ pé èmi ni mò ń rán an ní yunifásítì. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìka mi lórí rẹ̀. Ó pẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ètò náà bó ṣe wà ni mo gbé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá fún wọn níṣojú Ọ̀gá fúnra wọn. Látìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n wọ ọ́fíìsì mọ́. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ń pè mí. Bí mo bá gbé e, wọ́n á dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Dárasími. Àmọ́ n kò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Mi ò ní kí o dárí jì mí nínú ìwé. Wá. Wá fi ojú ara rẹ rí Màmá, kí o sì bi mí ní ohun tó bá wù ọ́, màá dáhùn.

Ọlọ́run tó yọ Màmá kúrò lábẹ́ ògiri yóò pa ìwọ náà mọ́ lójú ọ̀nà. Yóò dá ẹ̀mí wọn sí kí wọ́n fi gbé ọmọ rẹ jó. Ilé yín kò ní di ahoro, ìfẹ́ àárín wa kò sì ní wó. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí kò fẹ́ pàdánù rẹ,

Taslimah.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ ṣẹ́ ìwé yìí po ni ìyàwó Dáfídì pè. Ó ní wọ́n ti tú ọkọ òun sílẹ̀. Kò tilẹ̀ yà sílé tó fi gba ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn yìí. Kò tíì fojú kan Màmá látọjọ́ náà, èmi náà ò sì mọ ojú tí n ó fi wò ó. Màmá ti fi ọwọ́ ọ̀tún fa àga kan súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn.