Ibi Tí A Kì Í Tẹ́ Ẹní Sí

Màmá mi,

Ara mi le o, ẹ má dààmú. Ọ̀gá wa ní ilé ìfọṣọ ti wá fẹ́ràn wa jù báyìí. Láti ìgbà tí ooru ti gbé Adúmáadán ọ̀rẹ́ mi ṣubú nídìí áyọ́ọ̀nù, tí kò sì dìde mọ́, wọ́n ti gba olùkọ́ yógà fún wa. Fáànù tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣì wà lọ́jà.

Láràárọ̀, a ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, a ó jọ máa mí sínú, a ó máa mí síta. Olùkọ́ ní ara á tù wá. Kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní síbi tí Adúmáadán ṣubú sí. Lánàá, olùkọ́ ní ká nà gbalaja, ká ṣe bí òkú. Ọ̀gá ní àyè ṣófo níbẹ̀ yẹn, kí n bọ́ síbẹ̀. Mo bọ́ síbẹ̀. Mo dijú. Mo ṣe bí òkú.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ìyá Adúmáadán bá yà wá bèèrè ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní mi ò tíì kọ̀wé.