Àwo Orin Ọkọ Mi Tí Kò Lọ́rọ̀ Nínú

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ mú ọwọ́ ìkọ̀wé mi yìí mọ́ra. Ẹ mọ ibi tí mo kàwé dé. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ pé kó gba ọwọ́ jáde. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa náà le, àfi àárẹ̀. Àárẹ̀ pọ̀ nílé wa, àfi bíi pé òun náà bá mi wọlé ọkọ.

Nígbà tí mò ń bọ̀ nílé ọkọ, ẹ bi mí pé kí ni ọkùnrin ń fi gìtá ṣe tí kò lè kọrin. Ó lè kọrin, kò kàn fẹ́ ni. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin ẹ̀. Gìtá oníná ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ìyàwó onílé wa bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó, gìtá tó ń ké látàárọ̀ yìí, kí ló fẹ́ ká ṣe fún òun?" Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo wọlé.

Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá ti fi ayùn sílẹ̀, ó di sítúdíò, yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, tí wọ́n fi fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì àlòkù bo ògiri ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe àwo orin ẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo orin yòókù ti parí. Èyí tó máa kádìí àwo náà nìkan ló kọ̀ tí kò dáa. Ọ̀gá sítúdíò sì ti fi yàrá náà fún ẹlòmíì. Wọ́n ní tí Sátidé bá ti kọjá, àwọn á tú ẹ̀rọ palẹ̀. Ọkọ mi ní àwo tí kò ní ìparí kò ní jáde lọ́wọ́ òun láéláé.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá òun àti àwọn tó ń bá a ṣeré ní sítúdíò. Bí mo bá débẹ̀, mi ò gbọdọ̀ mira, torí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ń gbọ́ ohun gbogbo, títí kan àga. Mo máa ń bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi. Onílù wọn, aláwàdà kan, sọ mí ní Ìyá Dákẹ́. Ní Sátidé yẹn ló sọ pé, "Nínú gbogbo wa, ìyàwó yìí nìkan ni kò tíì ba orin jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tutù lẹ́nu ẹ̀ tí mo fi bà á jẹ́.

Ọkọ mi ti ta orin náà títí ìka ẹ̀ fi bó. Ó gbé gìtá sórí àga, ó jáde lọ gba atẹ́gùn. Mo wo orí gìtá náà, mo rí àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fa okùn ẹ̀ le. Ọ̀kan kọjú síbí, òmíràn kọjú sọ́hùn-ún, bí eyín tó hù wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa to ṣíbí, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Mo fi aṣọ nù wọ́n, mo sì tún ojú wọn ṣe. Apá ibi tó ń dẹ̀ ni mo yí wọn sí, kí okùn má bàa já. Wọ́n tò, wọ́n wù mí.

Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ohùn gìtá wà. Ọkọ mi wọlé, kò wò ó, ó gbé e. Ọ̀gá ti tan ẹ̀rọ. Ohùn tó jáde wálẹ̀, ó wúwo, bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó ń bọ́ bàtà. Onílù dáwọ́ dúró. Ọkọ mi wo gìtá, ó wá wò mí. Mo ní, "Èmi ni mo tún un ṣe." Kò tíì jágbe mọ́ mi rí, mi ò sì mọ bí tiẹ̀ ṣe máa ń rí, ni mo bá dúró dè é. Kò jágbe. Ó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ gìtá náà. Látọjọ́ yìí ni mo ti ń fipá mú un pariwo."

Bó ṣe ta orin náà nìyẹn. Kò sáré. Ó ń wá ibi tí ìka ẹ̀ máa bọ́ sí bí ẹni tó ń táràrà nínú yàrá tí iná ti kú. Nígbà tí okùn tó gbẹ̀yìn ń dún lọ, tó kù díẹ̀ kó dákẹ́, èmi tí mi ò mira látọjọ́ yìí, mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ gbà á. Ọ̀gá sítúdíò ní, "Ìyàwó ti mí sí i. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ọkọ mi na ìka ẹ̀ sí wọn, ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ìka mọ́. Ẹ jẹ́ kó mí."

Wọ́n ti tú ẹ̀rọ palẹ̀ báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á ra àwo náà. Ọkọ mi ò tiẹ̀ ráyè yọ̀. Oorun ló ń sùn látàná, iṣẹ́ káfíńtà sì ń dúró dè é lọ́la. Orí ẹ̀ ló gbé lé ẹsẹ̀ mi, ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ìlà ìwé yìí wọ́. Àmọ́ mo ní ìrètí, ẹ̀gbọ́n mi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ yín di àìsàn. Ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ yín ṣe kò ní bàjẹ́, kódà bí mo bá bá yín tún ojú ẹ̀ ṣe.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà,
Ìyàwó onígìtá.

Mo tún rántí: bí àwo náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí gìtá bá dákẹ́, ẹ má tíì pa á. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ẹnì kan tó mí. Èmi nìyẹn. Ìyàwó onílé ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ilé dákẹ́ jù lónìí, ṣé gìtá ò ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé ó kàn ń sinmi ni.